Iṣu igbó, iṣu oko: ta ni yóò tọ́jú irú wọn?

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, iṣu titun a máa kún ọjà Gbómìnà, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Glazoué. Ọkọ̀ akẹ́rù á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti kó iṣu lọ sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Iṣu tí oníbàárà kọ́kọ́ ń béèrè ni láboko. Iyán rẹ̀ funfun, ó ń fà, kì í sì í ní kókó. Owó rẹ̀ ga ju ti ọ̀pọ̀ iṣu mìíràn lọ. Ẹni tí kò bá rí láboko rà ni ó ń wo ojú iṣu yòókù.

Inú àgbẹ̀ tó ní láboko máa ń dùn lásìkò yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kí a gbọ́. Bí gbogbo ọjà bá ń fẹ́ irú iṣu kan, kí ni yóò dé bá àwọn irú tó kù? Àwọn olùwádìí nípa ohun ọ̀gbìn ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní Bẹ̀nẹ̀, ní Nàìjíríà, ní Gánà, ní Faransé, àní títí dé Jàpáàn. Síbẹ̀, ó kan àgbẹ̀ ju bó ti kan àwọn olùwádìí lọ. Ohun tí wọ́n ń wá, ọwọ́ àgbẹ̀ ni apá kan rẹ̀ wà, inú igbó sì ni apá kejì wà.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni iṣu ayé pọ̀ sí jù lọ. Nínú gbogbo iṣu tí wọ́n ń wà ní ayé lọ́dún, ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń jáde láti ìhà ibí yìí. Nàìjíríà ló ṣáájú gbogbo wọn. Gánà, Côte d'Ivoire, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ló tẹ̀ lé e. Bí nǹkan bá ṣe iṣu níhìn-ín, kò sí ibòmíràn tí a ó ti lọ ra á.

Èbù kan, ara kan

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kó kọ́kọ́ rántí bí wọ́n ti ń gbin iṣu. Ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo a mú kóró, a sì sọ ọ́ sínú ilẹ̀. Kóró yẹn ní baba, ó sì ní ìyá. Lẹ́búlẹ́bú tó wà lórí akọ òdòdó ló bọ́ sára abo, tí abo fi so èso. Nítorí náà, àgbàdo tó hù kò jọ ìyá rẹ̀ tán, kò sì jọ baba rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ènìyàn rí.

Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀. Èbù ni àgbẹ̀ ń gbìn. Èbù kì í ṣe ọmọ iṣu. Ara ìyá gan-an ni, tí wọ́n gé. Oko láboko tó ní ẹgbẹ̀rún kan ebè lè jẹ́ iṣu kan ṣoṣo tí wọ́n ti gé sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ire wà nínú èyí. Adùn iṣu kì í yí padà. Láboko tí bàbá àgbà jẹ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ewu sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àrùn tó bá lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo rẹ̀.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Ireland, àwọn tálákà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní oúnjẹ mìíràn ju ọ̀dùnkún òyìnbó lọ. Wọ́n ń gé e gbìn, bí wọ́n ti ń gé iṣu. Irú kan ló sì pọ̀ jù lọ nínú oko wọn. Ní ọdún 1845, àrùn kan dé tó ń mú ọ̀dùnkún rà nínú ilẹ̀. Irú tí wọ́n ń gbìn kò lè dojú kọ ọ́. Láàárín ọdún mélòó kan, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú. Bíi mílíọ̀nù kan mìíràn fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Àrùn nìkan kọ́ ló pa wọ́n: ìjọba tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà kò yára ràn wọ́n lọ́wọ́ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni ìyàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣu kò tíì bá ara rẹ̀ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ ṣì pọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ nìkan, àwọn olùwádìí tó lọ láti abúlé sí abúlé ti kọ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún orúkọ iṣu sílẹ̀. Nígbà mìíràn, iṣu kan náà ní orúkọ mẹ́ta ní abúlé mẹ́ta. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo bo irú bíi méjì tàbí mẹ́ta mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Láboko a tètè ta. Wọ́n a máa wà á lẹ́ẹ̀mejì: ti àkọ́kọ́ fún jíjẹ àti títà, ti èkejì fún èbù. Kókóró kì í tètè ta, kì í sì í tóbi. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń wà á, nígbà tí òjò bá ti lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti rẹ̀, tí láboko kò lè gbé, kókóró ń gbé e. Òun ni wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń sá di gbodo, tí wọ́n sì ń lọ̀ di èlùbọ́. Ìdílé tí iṣu tútù ti tán ní àká rẹ̀ ń jẹ àmàlà títí iṣu titun yóò fi dé. Ẹni tó bá fi ojú iyán nìkan wo kókóró kò rí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ewùrà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ṣùgbọ́n ìhà Éṣíà ló ti wá. Iṣu funfun ni ọmọ onílẹ̀, nítorí pé àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà nínú igbó títí di òní.

Ohun tí àwọn àgbà ń lọ mú wá láti inú igbó

Báwo ni irú iṣu ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé èbù nìkan ni wọ́n ń gbìn? Àwọn olùwádìí kò rí ìdáhùn sí èyí fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀.

Ní ọdún 2000, Roland Dumont àti Philippe Vernier kọ̀wé nípa ohun tí àwọn àgbẹ̀ Bàrìbá ń ṣe ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ní 2003, Mignouna àti Alexandre Dansi, tí òun jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, kọ tiwọn nípa àwọn Nàgó àti àwọn Fọ̀n. Ìtàn kan náà ni ìwé méjèèjì sọ. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló mọ iṣẹ́ náà. Àwọn díẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àgbàlagbà. Bí wọ́n bá ń dẹ̀gbẹ́, tàbí tí wọ́n ń la igbó fún oko titun, wọ́n a máa wo ìtàkùn. Bí wọ́n bá rí ìtàkùn iṣu igbó tí ewé rẹ̀ àti igi rẹ̀ jọ ti iṣu ilé, wọ́n a wa ìdí rẹ̀, wọ́n a sì mú un lọ sí oko.

Iṣu igbó kì í rọrùn ní mímú. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa ní ẹ̀gún, ó sì máa ń wọlẹ̀ jìn kí ẹranko má bàa rí i jẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, ó sì lè korò. Àgbẹ̀ tó gbìn ín sínú ebè ní láti tọ́ ọ bí ẹni tọ́ ọmọ. Àwọn kan a fi àpáàdì tàbí òkúta pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ ebè, kí iṣu má bàa rí ọ̀nà wọlẹ̀. Ní ọdún kejì, wọ́n a gé e, wọ́n a tún un gbìn. Ní ọdún kẹta, wọ́n a tún wò ó. Èyí tó bá ṣe orí kunkun, tí kò yí padà, wọ́n a sọ ọ́ nù. Èyí tó bá sanra, tí ara rẹ̀ dẹ̀, tí ẹ̀gún rẹ̀ dín kù, wọ́n a sè é, wọ́n a tọ́ ọ wò. Bó bá jọ iṣu kan tí wọ́n ti ní, wọ́n a pa wọ́n pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan. Bí kò bá jọ ìkankan, wọ́n a sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Aládùúgbò a wá tọrọ èbù. Láìpẹ́, irú titun ti wọ ìlú.

Ní 2006, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbùdá irú iṣu bẹ́ẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò. Àbùdá ni ohun tó wà nínú ara gbogbo ẹ̀dá, tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá náà yóò jọ. Wọ́n rí i pé òmíràn nínú wọn jẹ́ iṣu igbó pọ́ńbélé. Òmíràn jẹ́ àdàpọ̀: akọ iṣu igbó ti bá abo iṣu oko pàdé nípasẹ̀ òdòdó, wọ́n ti so èso, kóró èso náà sì ti hù lẹ́bàá oko tàbí nínú ilẹ̀ tó ń sinmi. Àgbẹ̀ kò rí ìgbéyàwó yẹn. Ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde nìkan ló rí, ó sì mọ̀ ọ́n yàn.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àwọn àgbẹ̀ Nàgó, Fọ̀n àti Bàrìbá ń ṣe irú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ní ilé ìwádìí. Wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ titun wọ inú irúgbìn tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún èbù nìkan, kì bá máa yí padà. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò sì gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Àwọn olùwádìí ń jiyàn lórí ibi tí iṣu funfun ti ṣẹ̀. Ní 2019, Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àbùdá iṣu 167, ti igbó àti ti oko. Wọ́n ní iṣu inú igbó kìjikìji ni baba ńlá rẹ̀, àti pé agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣu ilé. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà láàárín àlà yẹn. Ní ọdún kejì, 2020, àwọn olùwádìí láti Jàpáàn àti Ìbàdàn ka iṣu 336. Àwọn ní iṣu méjì ló bí i: ti igbó kìjikìji àti ti ilẹ̀ ọ̀dàn. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Síbẹ̀, ohùn ìhà méjèèjì ṣọ̀kan pé ìtàkùn tó ń hù nínú igbó ìhà ibí yìí jẹ́ ẹbí iṣu tó wà nínú odó.

Ohun tí ẹ̀gẹ́ fi hàn

Àwọn kan lè béèrè pé, kí ni ìwúlò iṣu igbó fún ẹni tó ti ní láboko? Ìtàn ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá, lè dá wọn lóhùn.

Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, àrùn kan ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó ń mú ewé ní àbàwọ́n, ó ń mú un ká kò, ẹ̀gẹ́ kì í sì í lè ta dáadáa mọ́. Àwọn olùwádìí ní Amani, ní ilẹ̀ tó di Tàǹsáníà lónìí, wá irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn náà kò lè mú, ṣùgbọ́n wọn kò rí i tó. Wọ́n wá lọ sọ́dọ̀ igi kan tó jẹ́ ẹbí ẹ̀gẹ́, tó wá láti Bràsíìlì. Igi náà kì í ta, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́. Oje rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe rọ́bà. Wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ bá ẹ̀gẹ́ lò. Ọmọ tó kọ́kọ́ jáde kò wúlò fún jíjẹ. Wọ́n tún un mú padà sọ́dọ̀ ẹ̀gẹ́, léraléra, títí wọ́n fi rí èyí tó ń ta, tí àrùn kò sì lè tètè mú.

Irúgbìn láti Amani dé Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Ní 1967, wọ́n dá ilé ìwádìí ńlá kan sílẹ̀ ní ìlú náà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí IITA. Láti 1971, ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan, S. K. Hahn, lo irúgbìn Amani níbẹ̀ láti bí àwọn ẹ̀gẹ́ titun tó tàn ká Áfíríkà. Àwọn ará Ìkirè fi í joyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Gààrí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mu lónìí ní ọwọ́ igi tí kò ṣeé jẹ yẹn nínú. Bí wọ́n bá ti gé irú igi náà tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wúlò, wọn kì bá tí rí i lò.

Iṣu náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Àrùn tó ń ba ewé jẹ́ wà. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ inú ilẹ̀ wà, tó ń jẹ awọ iṣu títí yóò fi jẹrà nínú àká. Òjò kì í sì í rọ̀ bíi ti àtijọ́. Irú iṣu tí yóò lè dúró níwájú gbogbo èyí lè wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Ìdáàṣà. Ó sì lè máa hù nínú igbó, kí ẹnikẹ́ni má tíì kíyè sí i.

Iṣu ń gé igbó tí ìyá rẹ̀ wà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Láboko fẹ́ ilẹ̀ tó lọ́ràá, ilẹ̀ titun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la. Ní ayé àtijọ́, àgbẹ̀ a gbin iṣu síbi kan, a sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Igbó a padà, ìtàkùn a padà pẹ̀lú rẹ̀. Lónìí, ènìyàn ti pọ̀, ilẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ń ti àríwá sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ouèssè láti wá ilẹ̀. Òwú ń gba ilẹ̀, kajú ń gba ilẹ̀, àwọn tó ń sun èédú sì ń gé igi. Ilẹ̀ tó ń sinmi tẹ́lẹ̀ kì í sinmi mọ́.

Kí wọ́n má dá òwú, kajú àti èédú nìkan lẹ́bi. Iṣu fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tó ń pa igbó. Bí ọjà bá ti ń béèrè láboko sí i, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò ṣe máa wá igbó titun là sí i. Igbó tó ń là sì ni ibi tí ẹbí iṣu wà. Ẹni tó ń ra láboko ní Kútọnu kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń là á mọ̀ ọ́n nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró dé ìtàkùn.

Igbó ìjọba ṣì wà, bíi Tóuì-Kílíbò ní ìhà Ouèssè, àti igbó Dogo àti Kétu ní gúúsù. Ìdí tí ìjọba fi dá wọn sí kì í ṣe nítorí iṣu. Síbẹ̀, níbi tí ààbò wọn bá ti múlẹ̀, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsọ. Níbi tí oko ti wọ inú wọn, iṣẹ́ náà ń bàjẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùwádìí INRAB, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Bẹ̀nẹ̀, ti dán wò ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n gbin ewéko àti igi tó ń mú ilẹ̀ sanra, irú èyí tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, kí wọ́n tó gbin iṣu tàbí láàárín iṣu. Bí ilẹ̀ bá tipa bẹ́ẹ̀ lágbára, àgbẹ̀ lè dúró sójú kan. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, tó ń yá ilẹ̀ lọ́dọọdún, kì yóò gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Onílẹ̀ gan-an lè má gbà fún un, nítorí pé ẹni tó bá gbin igi lè wá sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú iṣu ti wá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìyẹn.

Ilé ìpamọ́ kò lè dá ṣe é

Àwọn mìíràn gbà pé ilé ìpamọ́ irúgbìn yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ilé irú bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ní erékùṣù Svalbard, níbi tí yìnyín kì í tán, orílẹ̀-èdè Norway ṣí ilé ìpamọ́ kan ní 2008 fún irúgbìn gbogbo ayé. Kóró gbígbẹ ni wọ́n ń kó síbẹ̀: àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀wà. Iṣu kò ṣeé gbẹ bẹ́ẹ̀. Èbù tí wọ́n bá gbẹ kì yóò hù mọ́.

IITA ní Ìbàdàn ń tọ́jú iṣu tó lé ní 5,000. Wọ́n ń gbin àwọn kan lọ́dọọdún, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn mìíràn nínú ìgò kékeré, níbi tí ẹ̀ka tín-ín-rín kan ti ń wà láàyè lórí oúnjẹ tí wọ́n pò fún un. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ fún ìyìn. Wọ́n ń fi irú iṣu fún àwọn olùwádìí àti àgbẹ̀ láìgba owó irúgbìn. Ṣùgbọ́n iṣu inú ìgò kì í pàdé òjò titun, kì í pàdé àrùn titun, kì í sì í bá iṣu igbó so èso. Ó wà bó ti wà lọ́jọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀. Èyí tó wà nínú oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó nìkan ló ń bá ayé yí.

Bíbí irú iṣu titun ní ilé ìwádìí pẹ̀lú kì í yá. Igi iṣu kan a máa jẹ́ akọ, òmíràn a máa jẹ́ abo. Wọ́n lè má tanná lásìkò kan náà, àwọn irú kan kì í sì í tanná rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú akọ pàdé abo títí di ọjọ́ tí àgbẹ̀ yóò gba èbù, ó lè tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Láti 2014, àwọn olùwádìí Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire àti Bẹ̀nẹ̀ ti pa ọwọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní AfricaYam, láti mú kí èyí yá díẹ̀. Wọ́n ń ka àbùdá kí wọ́n tó gbìn, kí wọ́n lè mọ èyí tó yẹ ní yíyàn. Ìwé àbùdá iṣu funfun tí wọ́n kọ́kọ́ kà tán, tó jáde ní 2017, ló la ọ̀nà náà.

Ta ni ó ni irú titun?

Ìbéèrè kan kù tí kò yẹ kí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn amòfin nìkan. Bí olùwádìí bá mú iṣu tí àgbẹ̀ Nàgó kan ti tọ́ láti inú igbó, tó sì fi bí irú titun tó gbajúmọ̀, ta ni ó ni ín?

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú OAPI, àjọ tí orílẹ̀-èdè 17 jọ ní, tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọgbọ́n orí. Ní 2014, OAPI wọ inú ẹgbẹ́ UPOV, tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó bí irúgbìn titun. Lábẹ́ òfin náà, ẹni tó bí irú titun lè gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ọdún 25. Irú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ titun, ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọra, kò sì gbọ́dọ̀ máa yí padà.

Ẹ wo bí èyí ti rí fún àgbẹ̀. Láboko kì í ṣe ohun titun, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè gba ìwé lé e lórí bó ti wà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n irú tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ tọ́ láti inú igbó kì í sábà jọra délẹ̀, nítorí pé orúkọ kan lè bo irú mẹ́ta. Ìwé náà kò rọrùn fún un láti gbà, bó tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ilé ìwádìí àti ilé iṣẹ́ ni ó rọrùn fún. Ní ti irú tó bá ti ní ìwé, òfin OAPI gba àgbẹ̀ láyè láti tún gbin ohun tó kórè lórí oko rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ igi eléso, igi igbó tàbí òdòdó ọ̀ṣọ́. Oko tirẹ̀ nìkan ni òfin sọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tó mọ ìlú Nàgó mọ̀ pé èbù kì í jókòó sí oko ẹnì kan. Ìyàwó a gbé e lọ sí ilé ọkọ, àna a tọrọ rẹ̀, aládùúgbò a fi ti ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀.

Ìwé àdéhùn mìíràn wà tó sọ ohùn àgbẹ̀. Ní 2001, ní ìlú Róòmù, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí irúgbìn oúnjẹ. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀, iṣu sì wà lára àwọn irúgbìn tí a dárúkọ níbẹ̀. Àdéhùn náà jẹ́wọ́ pé àwọn àgbẹ̀ ti kó ipa ńlá nínú iṣẹ́ tó mú kí oríṣiríṣi irúgbìn wà. Ó ní ó yẹ kí ìmọ̀ wọn ní ààbò, kí wọ́n ní ìpín nínú èrè, kí wọ́n sì wà níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìpinnu. Ṣùgbọ́n ó fi í lé ìjọba kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láti sọ bí yóò ti rí. Ti ìwé ẹ̀tọ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń fúnni, ó ní ọjọ́ tó ń parí, ó sì ní ìjìyà fún ẹni tó bá rú u. Ti àgbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ iyì, àfi bí òfin ìlú bá fún un ní agbára. Ìwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba rárá.

Kì í ṣe pé olè ni àwọn olùwádìí. Púpọ̀ nínú wọn ló kọ orúkọ abúlé tí wọ́n ti gba iṣu sínú ìwé wọn. Láìsí ìwé wọn, ìlú ńlá kì bá tí mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ Nàgó jẹ́ iṣẹ́ ìjìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé wọ̀nyẹn. Àgbẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ náà kì í sì í rí wọn kà.

Ní báyìí ná, ibi tí wọ́n ti ń pinnu iye irú iṣu tí yóò kù ni àká, nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí wọ́n ń ya èbù sọ́tọ̀. Kóró àgbàdo lè dúró nínú ìgò gbígbẹ fún ọdún bíi méjì kó tún hù. Èbù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, yóò rú. Bí wọn kò bá gbìn ín, yóò rọ, yóò sì jẹrà. Àgbẹ̀ tó ní irú mẹ́fà ní àká, tó rí i pé láboko nìkan ni ọjà ń béèrè, lè kó láboko àti kókóró lọ sí oko, kó sì se àwọn mẹ́rin tó kù jẹ. Ọwọ́ ẹnì kan ni, àfààárọ̀ kan sì ti tó o. Bí aládùúgbò rẹ̀ kò bá ní irú mẹ́rin yẹn, abúlé náà kò ní wọn mọ́ nìyẹn.